Omi, Iyọ̀ àti Ṣúgà: Ẹ̀kọ́ Tí Monrovia Kọ́ Wa

Ní August 2014, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní Médecins Sans Frontières ṣí ilé ìtọ́jú kan fáwọn tó ní àrùn Ebola nílùú Monrovia, olú ìlú orílẹ̀-èdè Làìbéríà. ELWA 3 ni orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì 120 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ rárá tí gbogbo rẹ̀ fi kún. Àwọn mọ̀lẹ́bí ń fi takisí gbé èèyàn wọn wá, wọ́n sì ń gbọ́ lẹ́nu géètì pé kò sí àyè mọ́.

Nígbà yẹn, kò tíì sí oògùn tí ìjọba èyíkéyìí fọwọ́ sí pé ó ń pa kòkòrò Ebola. Kí wá ni àwọn nọ́ọ̀sì tó fi aṣọ bora látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ń gbé wọlé tọ àwọn aláìsàn? Ike omi ni. Omi tí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá nílẹ̀ Yorùbá máa ń fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru.

Ṣé torí kí wọ́n má bàa káwọ́ gbera ni wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀? Rárá o. Àwọn dókítà tó tọ́jú àwọn aláìsàn tó lé ní 700 níbẹ̀ kọ̀wé lọ́dún yẹn kan náà pé àwọn míì máa ń yàgbẹ́ omi tó tó lítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Lítà 5 tó omi inú ọ̀rá, èyí tá à ń pè ní píọ́ wọ́tà, mẹ́wàá. Ẹni tí irú omi bẹ́ẹ̀ ń jáde lára rẹ̀, tí òmíràn ò sì rọ́pò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín kù, kíndìnrín rẹ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lè kú kí ara rẹ̀ tó ráyè bá àrùn náà jà.

Ìbéèrè méjì ló wá jẹ yọ. Báwo ni omi ṣe ń kúrò níbì kan bọ́ sí ibòmíì nínú ara? Báwo sì ni àrùn ṣe kúrò ní àárín igbó, tó di ohun tó ń pa àwọn ará ìlú ńlá? Ó lè yà yín lẹ́nu pé ìlànà kan náà làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń ṣàlàyé méjèèjì. Ẹni tó bá lóye ìlànà yìí lè fi gba ẹ̀mí là nínú ilé ara rẹ̀.

Ọ̀nà méjì tí nǹkan ń gbà rìn

Ẹ wo ìyá àgbà tó rẹ egbò igi sínú ìgò omi láti fi ṣe àgbo. Kò rò ó, kò sì mì í. Síbẹ̀, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, omi náà á ti pọ́n dé ọrùn ìgò. Ta ló gbé àwọ̀ egbò náà dé òkè?

Lọ́dún 1827, Robert Brown, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó jẹ́ onímọ̀ nípa ewéko, fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo àwọn ègé tín-tìn-tín tó wá látinú àtíkè òdòdó nínú omi. Ó rí i pé wọn ò dúró sójú kan. Ṣe ni wọ́n ń ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún láìsinmi. Lọ́dún 1905, Albert Einstein ṣàlàyé ohun tó fà á: omi fúnra rẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ àwọn ègé tójú ò lè rí, tí wọ́n ń sáré kiri nígbà gbogbo, tí wọ́n sì ń kọ lu ohunkóhun tó bá wà láàárín wọn.

Ẹ fojú inú wo ọjà Waterside ní Monrovia, tàbí ọjà Balógun l'Ékòó. Ká ní igba èèyàn dì pọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọjà, tí kálukú wọn sì kàn ń rìn síbi tí ẹsẹ̀ bá gbé e lọ. Láìpẹ́, wọ́n á ti tàn ká inú ọjà. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn. Ohun tó fà á ni pé àwọn tó ń kúrò níbi tí èrò pọ̀ sí máa ń pọ̀ ju àwọn tó ń padà síbẹ̀ lọ. Bí àwọ̀ egbò ṣe ń ṣe nínú ìgò àgbo nìyẹn. Ó ń kúrò níbi tó pọ̀ sí, ó sì ń lọ síbi tí kò pọ̀ sí. Lọ́dún 1855, Adolf Fick, dókítà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, sọ òfin rẹ̀ di ìṣirò: bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi tó pọ̀ sí àti ibi tí kò pọ̀ sí bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìrìn yẹn á ṣe yá tó. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀nà yìí ní títàn.

Ọ̀nà kejì ni gbígbé. Bẹ́ ẹ bá fi ṣíbí ro ṣúgà nínú tíì, ẹ ti gbé e rìn nìyẹn. Odò máa ń gbé ewé, afẹ́fẹ́ sì máa ń gbé òórùn dòdò láti ilé ìdáná aládùúgbò wá bá yín nínú yàrá.

Títàn kì í náni ní nǹkan kan, àmọ́ ó ní àléébù ńlá. Bí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po 10, àkókò tó máa gbà kì í ṣe ìlọ́po 10, ìlọ́po 100 ni. Ẹ wo ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tó ń gbé ẹ̀mí wa ró. Tó bá fẹ́ tàn gba inú omi tó fẹ̀ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, kò ní gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ni, á gbà á ní ọ̀pọ̀ wákàtí. Tó bá sì ní láti tàn láti imú yín dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, á lé ní ọdún 10! Tó bá jẹ́ títàn nìkan la gbára lé, kò sí èèyàn kankan tó máa wà láàyè.

Bí ara ṣe ń lo méjèèjì

Ṣe ni ara wa ń lo ọ̀nà méjèèjì pa pọ̀. Ọkàn ló ń bójú tó gbígbé. Nínú àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ó máa ń ti nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń gbé ọ́síjìn àti oúnjẹ kọjá ní ọ̀nà tó jìn.

Tó bá ti dé ibi tó ń lọ, títàn á gba iṣẹ́. Ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ìnípọn ara àwọn òpójẹ̀ tó kéré jù lọ, wọ́n sì wà káàkiri débi pé agbára káká la fi máa rí sẹ́ẹ̀lì tó jìnnà sí wọn. Ọ́síjìn á fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, á sì tàn wọnú sẹ́ẹ̀lì kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá kó ọjà láti Kánò wá sí Ìbàdàn, tí àwọn aláàárù wá ń ru ú wọ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ ò bá rìn, kò sóhun tí àwọn aláàárù máa rù. Ìdí nìyẹn tí gbígbẹ omi ara fi burú tó bẹ́ẹ̀. Bí omi inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, gbígbé á dáwọ́ dúró, títàn nìkan ò sì lè gba ara là.

Ìdí tí omi lásán kò fi tó

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣebí omi ló ń jáde, ẹ kúkú fún un lómi mu." Ó dùn-ún gbọ́ létí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìfun jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ rántí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá da iyọ̀ sára ìgbín. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀. Iyọ̀ tó wà níta ló ń fa omi inú jáde. Bí omi ṣe máa ń ṣe nìyẹn: tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá pààlà sáàárín ibi méjì, omi á máa lọ sápá ibi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá pọ̀ sí jù. Inú ìfun náà ò yàtọ̀. Omi kì í dá rìn. Tí iyọ̀ bá kọjá látinú ìfun sínú ẹ̀jẹ̀, omi á tẹ̀ lé e. Tí iyọ̀ bá sì tú jáde sínú ìfun, bó ṣe máa ń rí tí kọ́lẹ́rà bá muni, omi á tú jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà kan wà lára ìfun tí kọ́lẹ́rà kì í lè tì. Lọ́dún 1960, nílùú Prague, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà kan, Robert Crane, ṣàlàyé bí ẹnu ọ̀nà náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣúgà àti iyọ̀ gbọ́dọ̀ jọ dé ibẹ̀ kó tó lè gbà wọ́n wọlé. Tí ọ̀kan bá dá wá, kò ní wọlé. Tí àwọn méjèèjì bá jọ wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Torí náà, kì í ṣe torí kí omi lè dùn la ṣe ń fi ṣúgà sí i. Ṣúgà ló ń mú iyọ̀ wọlé, iyọ̀ ló sì ń fa omi.

Lọ́dún 1968, David Nalin àti Richard Cash fi hàn nílùú Dhaka, tó wà ní Bangladesh òde òní, pé tí àwọn tí kọ́lẹ́rà mú bá ń mu irú omi bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni omi tí wọ́n máa nílò láti fà sí wọn lára. Lọ́dún 1971, ogun lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò níbẹ̀ lọ sí Íńdíà, kọ́lẹ́rà sì bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ Bangaon. Omi tí wọ́n ń fà síni lára tán nílẹ̀. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà glucose sínú dúrọ́ọ̀mù omi, kí àwọn ìyá, àwọn bàbá àtàwọn ẹ̀gbọ́n máa bu ú fún èèyàn wọn. Kó tó dìgbà yẹn, nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn aláìsàn ló ń kú. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń kú kò tó 4 nínú 100. Àwọn ará ilé ni nọ́ọ̀sì, ìfun aláìsàn fúnra rẹ̀ ló sì ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí abẹ́rẹ́ ṣe.

Omi kan náà ni wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ní Monrovia lọ́dún 2014. Kì í pa kòkòrò Ebola, àwọn tó ń bì gan-an sì ṣì máa ń nílò kí wọ́n fa omi sí wọn lára. Àmọ́ ó ń ra àkókò fún ara láti jà. L'Ékòó, Dókítà Ada Igonoh, tó kó àrùn náà níbi tó ti ń tọ́jú aláìsàn, ròyìn fún gbogbo ayé lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá pé ṣe lòun ń fipá mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà náà lójoojúmọ́, kódà nígbà tí kò wu òun mu.

Bí àrùn ṣe rin ìrìn àjò

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìlú náà fúnra rẹ̀. Ebola kì í fò nínú afẹ́fẹ́ bí òórùn dòdò. Inú omi ara ló ń gbé: ẹ̀jẹ̀, èébì, ìgbẹ́, òógùn. Ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan wọ̀nyí, tó sì fi ọwọ́ náà kan ojú, ẹnu tàbí egbò, ló lè kó o. Torí náà, lábúlé, díẹ̀díẹ̀ ló ń tàn: láti ọ̀dọ̀ aláìsàn sọ́dọ̀ ìyá tó ń nù ún, láti ọ̀dọ̀ òkú sọ́dọ̀ àwọn tó ń wẹ̀ ẹ́. Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ aláìsàn jù ló wà nínú ewu jù.

Látẹ̀yìnwá, àwọn abúlé tó jìnnà sí ìlú ni àrùn yìí sábà máa ń jà, kì í sì í lọ jìnnà. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó rí ọkọ̀ wọ̀. Agbègbè Guéckédou lórílẹ̀-èdè Gínì ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2013. Ní March 2014, ó dé Foya ní ìpínlẹ̀ Lofa ní Làìbéríà. Ẹnubodè mẹ́ta ló pàdé lágbègbè yẹn, àwọn èèyàn sì ń rékọjá lójoojúmọ́ lọ sọ́jà, lọ síbi ìsìnkú, lọ wo mọ̀lẹ́bí. Nígbà tó fi máa di June, takisí àti ọ̀kadà, èyí tí àwọn ará Monrovia ń pè ní pehn-pehn, ti gbé e wọ àárín ìgboro. Ní July 20, ọkọ̀ òfuurufú gbé Patrick Sawyer wọ Èkó láti Làìbéríà. Ní September, ọkọ̀ òfuurufú tún gbé Thomas Eric Duncan láti Monrovia lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì kú nílùú Dallas ní October 8. Gbígbé ti ṣe láàárín ọjọ́ kan ohun tí títàn ò lè ṣe láàárín ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ni ìjọba wá ṣe? Ní August 20, wọ́n fi sójà àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún sé àdúgbò West Point mọ́. Orí ilẹ̀ tóóró kan ni àdúgbò yìí wà, láàárín òkun Àtìláńtíìkì àti odò Mesurado, wọ́n sì fojú bù ú pé ó lé ní 50,000 èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ nínú ilé páànù tó fara kanra. Oúnjẹ di ọ̀wọ́n. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀, wọ́n yìnbọn, ọmọdékùnrin kan sì kú. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 10, wọ́n ṣí ibẹ̀. Wíwulẹ̀ sé ibẹ̀ mọ́ dènà gbígbé lóòótọ́, àmọ́ ó tún fún àwọn tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ibi tí èèyàn ti fún mọ́ra gan-an sì ni títàn ti ń rọrùn jù.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ yàtọ̀ síyẹn. Ibi ìtọ́jú pọ̀ sí i, kí aláìsàn lè kúrò láàárín àwọn ará ilé. Àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ ló wá ń sin òkú. Àwọn ọ̀dọ́ àti àgbààgbà àdúgbò ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń béèrè ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kòlóríìnì wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ilé ìjọsìn àti ọ́fíìsì. Wọn ò gé ìlú sí méjì. Ibi tí àrùn ti ń kọjá láti ara kan sí òmíràn ni wọ́n gé. Ní May 9, 2015, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé àjàkálẹ̀ náà ti kúrò ní Làìbéríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún yọjú fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn tó kú lórílẹ̀-èdè náà lé ní 4,800.

L'Ékòó, ìgbà tó ṣì jẹ́ ẹ̀kán kan ni wọ́n rí i. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí Sawyer kúrò nílé ìwòsàn, bí wọ́n tiẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Àrùn náà padà pa dókítà náà ní August 19, 2014. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 tó ṣeé ṣe kó ti fara kan àwọn aláìsàn, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò fún ọjọ́ 21, torí ó lè tó ọjọ́ 21 kí àrùn náà tó fara hàn. Èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, ó sì tán ní October 20. Ká ní ẹ̀kán yẹn tàn wọ àárín èrò Èkó, ta ló lè sọ iye tí ì bá kú?

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nínú ilé

Lónìí, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún irú Ebola tó jà ní Monrovia, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí oògùn méjì fún un lọ́dún 2020. Àmọ́ ìgbẹ́ gbuuru ò tíì kúrò nílẹ̀, ó sì ṣì ń pa ọ̀pọ̀ ọmọdé. Ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn.

Ẹ ní ORS alápò nílé. Òun ló dáa jù, torí wọ́n ti wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ka ara àpò náà kẹ́ ẹ lè mọ ìwọ̀n omi tẹ́ ẹ máa fi pò ó. Tí kò bá sí, ẹ wọn omi tó mọ́ lítà 1, ìyẹn omi inú ọ̀rá 50cl méjì. Ẹ fi ṣúgà ṣíbí ìpo tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí ìpo tíì sí i. Ẹ gé orí ṣíbí náà kó dọ́gba, kó má ṣe ga. Ẹ rò ó títí á fi yòrò. Tó bá fi máa pé wákàtí 24, ẹ da èyí tó bá ṣẹ́ kù nù, kẹ́ ẹ po òmíràn.

Ẹ má fi kún un. Iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu fún ọmọ. Ṣúgà tó pọ̀ jù náà á ṣe ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ìgbín: á fa omi ara ọmọ jáde sínú ìfun, ìgbẹ́ náà á sì le sí i. Ìdí nìyẹn tí mínírà aládùn ò fi lè rọ́pò rẹ̀.

Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lè mu ìdá mẹ́rin sí ìdajì ife ńlá lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lè mu ìdajì sí odindi ife. Tó bá bì í, ẹ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ tún máa fi ṣíbí bu ú fún un. Ẹ má ṣe dáwọ́ ọmú dúró, ẹ má sì fi oúnjẹ du ọmọ. Ẹ béèrè oògùn zinc lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera, torí wọ́n máa ń lò ó fún ọjọ́ 10 sí 14.

Ẹ má ṣe pẹ́ nílé. Tí ojú ọmọ bá jìn, tí kò somijé tó bá ń sunkún, tí awọ ikùn rẹ̀ ò tètè padà tẹ́ ẹ bá fà á, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹ máa fún un lómi náà lọ́nà.

Ẹ dáàbò bo ẹni tó ń tọ́jú. Ọṣẹ máa ń tú ọ̀rá tó bo kòkòrò Ebola, torí náà fífi ọṣẹ fọ ọwọ́ lágbára ju bó ṣe rí lójú lọ. Ní Làìbéríà, ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tọ́jú èèyàn mẹ́rin nínú ìdílé rẹ̀ tí Ebola mú nígbà tí kò ríbi gbé wọn lọ. Ọ̀rá tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí ló fi wé ẹsẹ̀ àti irun, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì bo imú àti ẹnu. Mẹ́ta nínú wọn yè, òun fúnra rẹ̀ ò sì kó àrùn náà. Òun ti kọ́ iṣẹ́ yẹn díẹ̀ ṣáájú. Tó bá jẹ́ tiyín, tẹ́ ẹ bá fura pé àrùn tó ń ràn bí Ebola tàbí Lassa ni, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, kẹ́ ẹ sì tètè pe àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba.

Ẹ lọ wo inú àpótí oògùn yín lónìí. Tí kò bá sí ORS níbẹ̀, ẹ rà á. Kẹ́ ẹ sì kọ́ ọmọ tó dàgbà jù nínú ilé bí wọ́n ṣe ń wọn ṣúgà ṣíbí mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí sí omi lítà kan, torí ó lè jẹ́ òun nìkan ló máa wà nílé lọ́jọ́ tí ẹnì kan máa nílò rẹ̀.